Ẹyẹ tí ó wà nínú orúkọ kọ̀ǹpútà

Ní Ìpọ̀nrí, àdúgbò tí ó wà láàárín Sùúrùlérè àti Ìgànmú ní ìlú Èkó, orúkọ méjì ni àwọn ọmọ Yorùbá ní fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ méjèèjì lẹ́nu ẹnì kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́nu ẹni tí ó ń tẹ ìwé fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀dọ́ tí ó ń wá ibi tí yóò ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì, lẹ́nu ẹni tí ó ń tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, kọ̀ǹpútà ni. Lẹ́nu akaròyìn orí rédíò, nínú ìwé ìròyìn tí a fi Yorùbá kọ, àti nínú kíláàsì tí olùkọ́ Yorùbá ti ń kọ́ni, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èdè kan gbà lọ́wọ́ èdè mìíràn, tí ó sì tún ìró rẹ̀ ṣe kí ó lè bá ahọ́n àwọn tí ó gbà á mu. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn tí wọ́n ni èdè fi ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tiwọn hun. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìtìjú ni ọ̀rọ̀ àyálò, àwọn mìíràn a sì máa wo ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá bí àṣejù àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọpa orúkọ ẹ̀rọ yìí káàkiri àwọn èdè ayé yóò rí i pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ojú àwọn tí wọ́n sọ ọ́ kọ́kọ́ rí lára ẹ̀rọ náà, ohun tí ojú Yorùbá sì rí yàtọ̀ gédégbé sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà ti wọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kì í ṣe oní-nǹkan. Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí computare ti túmọ̀ sí kí a kó nǹkan jọ kí a sì kà á. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà, putare, ní ìtàn tí etí àgbẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́, nítorí pé iṣẹ́ oko wà lára ohun tí ó ń tọ́ka sí láti àtètèkọ́ṣe: gígé ẹ̀ka tí kò wúlò kúrò lára igi àti àjàrà kí ara rẹ̀ lè mọ́. Láti ibi mímú igi mọ́ ni ó ti dé ibi mímú ìṣirò owó mọ́, láti ibi ìṣirò ni ó sì ti dé ibi ríronú àti kíka nǹkan sí nǹkan. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí tọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, kà, ni Yorùbá fi ń ka owó, òun ni ó fi ń ka ìwé, òun náà ni ó sì fi ń ka ènìyàn sí. Ẹni tí a kò bá kà sí kò sí nínú iye, kò sì sí nínú èrò ẹni. Bí ó bá ṣe pé ọ̀nà Látìnì ni Yorùbá fẹ́ tọ̀, inú kà ni ì bá ti mú orúkọ kọ̀ǹpútà jáde, ì bá sì ṣe wẹ́kú, nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í lè ka lẹ́tà kankan àfi bí ó bá kọ́kọ́ sọ lẹ́tà náà di nọ́ńbà.

Ohun tí ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu ni pé fún èyí tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lọ, ènìyàn ni computer ń tọ́ka sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Richard Braithwaite lò ó nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1613, fún ẹni tí ó mọ ìṣirò ọjọ́ àti àkókò, nígbà tí ó sì yá, ó di orúkọ iṣẹ́, bí a ti ń sọ pé télọ̀ tàbí akọ̀wé. Ní ibùdó ìwòràwọ̀ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ni wọ́n gbà sí iṣẹ́ yìí, wọ́n ń fi pẹ́ńsù àti bébà ṣe ìṣirò ibi tí ìràwọ̀ wà àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n fi ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò oníná àkọ́kọ́, han aráyé ní Philadelphia ní 1946, àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n ń tò ó kí ó lè ṣiṣẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ti ń jẹ́ computer fúnra wọn kí ẹ̀rọ tó gba orúkọ náà. Títí di 1962, nígbà tí John Glenn fẹ́ gbéra láti yípo ayé nínú ọkọ̀ òfúrufú, ó ní kí Katherine Johnson, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ tún ìṣirò tí ẹ̀rọ ti ṣe ṣe, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Orúkọ tí a ń pe ẹ̀rọ lónìí jẹ́ orúkọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sì jẹ́ ẹ gbẹ̀yìn jẹ́ obìnrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ wọn.

Àwọn Faransé kọ̀ láti gba orúkọ náà, ìtàn bí wọ́n sì ti ṣe é jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Ní 1955, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ IBM tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun kan sí ọjà, wọ́n sì rí i pé bí àwọn bá pè é ní ẹ̀rọ ìṣirò, orúkọ náà yóò kéré jù fún ohun tí ó lè ṣe. François Girard, tí ó jẹ́ ọ̀gá ìpolówó ọjà wọn, kọ̀wé sí Jacques Perret, ọ̀jọ̀gbọ́n Látìnì ní Sorbonne tí ó ti kọ́ ọ níwèé rí, Perret sì fèsì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún náà pé kí wọ́n lo ordinateur. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n ń lò ó fún Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó to ayé létòlétò. Ibi tí Látìnì ti rí akànkan, Faransé rí atòǹkan.

Ọ̀rọ̀ Faransé yìí kò jìnnà sí Yorùbá bí ènìyàn ti lè rò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe àdéhùn tí ó fa ààlà láàárín ilẹ̀ Yorùbá, tí Kétu àti àwọn ìlú tí ó yí i ká sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé, èyí tí ó wá di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lónìí. Ọmọ Yorùbá tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Sábẹ̀ ń rí ordinateur nínú ìwé rẹ̀, èyí tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpọ̀nrí sì ń rí computer, bí àwọn méjèèjì bá sì fi èdè baba wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà, àyálò ti oníkálukú yóò fi ibi tí òyìnbó tí ó jọba lé wọn lórí ti wá hàn. Ibí yìí gan-an ni iyì ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá wà, ó sì ṣeni láàánú pé a kì í sábàá mẹ́nu kàn án: ayára-bí-àṣá nìkan ni orúkọ tí ó lè kọjá ààlà náà láìsí ìwé ìrìnnà, nítorí pé àṣá tí ó ń fò ní Kétu ni àṣá tí ó ń fò ní Èkó.

Ní Íslándì, erékùṣù kan ní ìhà àríwá ayé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó ìdajì mílíọ̀nù, wọ́n kórìíra kí ọ̀rọ̀ àjèjì wọ inú èdè wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé yunifásítì wọn ní agbedeméjì àwọn ọdún 1960, Sigurður Nordal, àgbà onímọ̀ lítíréṣọ̀, so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: tala, tí ó jẹ́ nọ́ńbà, àti völva, obìnrin aríran inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn; ohun tí ó bí ni tölva, aríran onínọ́ńbà. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí Ifá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo ń gbé ṣánlẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé. Láti inú mẹ́jọ tí ó ní ọ̀nà méjì-méjì yìí ni odù 256 ti jáde. Báìtì, tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ohun tí ó bá tọ́jú, ní àyè mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí oókan, oríṣi ọ̀nà tí a sì lè gbà tò ó jẹ́ 256 pẹ̀lú. Ìṣirò ló fa ìbáramu yìí, kò sí ìdí láti fi í sọ pé babaláwo àtijọ́ ti mọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n wá orúkọ fún ẹ̀rọ yìí ní Yorùbá ní aríran tiwọn nílé bí wọ́n bá fẹ́ tọ ọ̀nà àwọn ará Íslándì, tí wọn kò sì tọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èdè mìíràn gba inú orí lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní orúkọ méjì, bí ti Yorùbá: jìsuànjī, ẹ̀rọ ìṣirò, tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, àti diànnǎo, ọpọlọ oníná, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ọjà. Hébérù mú makhshev jáde láti inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ríronú. Tietokone, ẹ̀rọ ìmọ̀, ni àwọn ará Fínlándì ń pè é. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níhìn-ín, na'ura mai ƙwaƙwalwa, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ, ni Hausa sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Hausa ní lissafi, ọ̀rọ̀ ìṣirò tí ó gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá, láti inú gbòǹgbò kan náà tí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn fi ṣẹ̀dá ḥāsūb, orúkọ tiwọn fún kọ̀ǹpútà. Àwọn Hausa fi ìṣirò sílẹ̀, wọ́n mú ọpọlọ.

Yorùbá kò mú ìṣirò, kò mú ètò, kò mú ìríran, kò sì mú ọpọlọ. Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a wo bí Yorùbá ti ń sọ àwọn ohun èlò àjèjì lórúkọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rọ, tí ó ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, bá rọ tan, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ó ń fi iná àti ọmọ owú sọ irin di ọkọ́ àti àdá. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn rọ ni ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn kúkurú kan yóò tẹ̀lé, tí a ó fi a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe lójú ẹni tí ó ń wò ó. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, tí àpótí kékeré kan ń dá sọ̀rọ̀ láti ara ògiri, tí ènìyàn kò sì lè dá a lóhùn: asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí Yorùbá fún rédíò. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ohùn àti àwòrán ni ẹ̀rọ náà ń mú wá sínú ilé, ó sì di amóhùnmáwòrán. Ọkọ̀ tí ó ń rọra lọ láìsí ariwo títí tí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹni ni ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ariwo rẹ̀ sì ń lu etí láti òkèèrè ni alùpùpù. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tí ó sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà tàbí bí wọ́n ti ṣe é. Ẹlẹ́rìí ni ó sọ wọ́n, olójú tí ó ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ó sì ń fi ẹnu sọ ọ́ bí ó ti rí i.

Ẹlẹ́rìí yìí náà ni ó sọ ayára-bí-àṣá. Àṣá ni ẹyẹ tí ó ń rà bàbà lókè, tí ó sì ń já wálẹ̀ gbé ọmọ adìẹ lọ kí ìyá rẹ̀ tó ké, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí Yorùbá bá ń wá ohun tí yóò fi ìyára wé, kì í rìn jìnnà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní Nàìjíríà dé ní 1963, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún un ni kí ó bá wọn to àbájáde ètò ìkànìyàn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ì bá fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe. Láti ìgbà náà ni ìyára ti jẹ́ ohun tí ará ìlú ń rí lára rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò JAMB, tí gbogbo rẹ̀ ti di ti orí kọ̀ǹpútà láti 2015, kò rí ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe, kò sì rí ètò tí ó ń tò. Ohun tí ó mọ̀ ni pé èsì tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró dè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ń wọlé sórí fóònù láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn tí wọ́n ń bá orúkọ náà wíjọ́ ní ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ó yára pọ̀ láyé, pé bàálù yára, mànàmáná yára, kò sì sí ohun tí ó wà nínú orúkọ náà tí ó lè sọ fún ọmọdé pé ẹ̀rọ tí ń ka nǹkan tí ó sì ń rántí ni. Òótọ́ ni, ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó sì wà fún un ni pé orúkọ kì í ṣe àlàyé. Ayọ́kẹ́lẹ́ náà kò sọ nǹkan kan nípa epo bẹntiróòlù, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í mọ̀. Ẹjọ́ tí ó wúwo jù ni ti gígùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá jẹ́ sílébù mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà jẹ́ mẹ́rin, ẹni tí ó ń pe oníbàárà nínú ariwo ọjà kò sì ní àyè fún mẹ́jọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú orúkọ yìí tí ó ga ju gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí lọ. Ìyẹ́ apá ni Yorùbá fún ẹ̀rọ náà. Kò fún un ní orí. Nínú ìmọ̀ Yorùbá, orí kì í ṣe àpótí tí ọpọlọ ń gbé nìkan: òun ni ìpín ènìyàn, èyí tí Àjàlá fi amọ̀ mọ lọ́run tí oníkálukú sì lọ yàn kí ó tó wá sáyé. Ìpọ̀nrí, ọ̀rọ̀ tí ó bá orúkọ àdúgbò tí a ń sọ yìí dọ́gba létí, ni àwọn onífá fi ń pe ìsun tí orí ènìyàn ti wá, tí ó so ó mọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn tí irú ìmọ̀ yìí wà nínú èdè wọn kò ní rọrùn láti fi orí tàbí ohun inú orí ta ohun tí ọwọ́ ènìyàn rọ lọ́rẹ, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó lójú. Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n rí i pé ó yára, wọ́n sì fi í sí ẹgbẹ́ ẹyẹ.

Ní ti kọ̀ǹpútà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, nítorí pé ó ti la iná ahọ́n Yorùbá kọjá kí ó tó jókòó. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàárín, ìyẹn ni pé ìró tí ètè tàbí ahọ́n ń dí lọ́nà kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé irú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà ni ìró aránmúpè tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà ṣe di sílébù tirẹ̀, tí ó sì gba ohùn ìsàlẹ̀. Ìró y tí ó wà lẹ́yìn p nínú ti Gẹ̀ẹ́sì sá lọ. P fúnra rẹ̀ di p ti Yorùbá, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ sì gba ohùn òkè. Ọ̀nà yìí kan náà ni tábìlì, búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀ṣì gbà wọlé, ọ̀nà tí ó fara pẹ́ ẹ sì ni wákàtí àti àlùbọ́sà ti gbà wọlé láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá kí òyìnbó tó dé, kò sì sí ẹni tí ó ń ké pé kí a lé àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá tí ó yè àti èyí tí ó kú kò sí lọ́wọ́ ẹwà rẹ̀ nìkan. Ní 1970, Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì di dandan kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, ìyẹn ìwé ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ kan. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní, Ọládélé Awóbùlúyì sì ni olóòtú apá kejì tí ó jáde ní 1990. Ọ̀rọ̀ inú àwọn ìwé yẹn yè nítorí pé olùkọ́ ń lò wọ́n lójoojúmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi wọ́n ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì. Ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí, níbi tí Yunifásítì Èkó àti Yaba College of Technology wà, tí Co-Creation Hub sì ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀-ẹ̀rọ jọ láti nǹkan bí 2011, tí Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò ní oṣù kẹjọ 2016, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe irinṣẹ́ wọn. Àdánù gidi ni èyí, nítorí ẹni tí ó mọ inú nǹkan ni ó yẹ kí ó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó bọ́ nínú àìsàn yìí, òun sì ni ayélujára. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀n tí ó so àwọ̀n pọ̀. Yorùbá fi àwọ̀n sílẹ̀, ó mú lujá. Ohun tí a bá lu láti ìhà kan tí ó sì yọ sí ìhà kejì ni ó lujá, yàrá méjì tí ènìyàn lè gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìjáde síta ni ó lujá ara wọn. Ẹni tí ó dàgbà nínú agboolé mọ irú ilé yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìyẹ̀wù kan ti ń dé etí ìyẹ̀wù karùn-ún. Ayé tí ó ti di agboolé bẹ́ẹ̀ ni ayélujára. Ó kúrú, ó dùn ún pè, kò nílò ẹ̀rọ níwájú rẹ̀ kí ó tó dúró, ó sì bọ́ sí àkókò tí rédíò tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ pọ̀, tí BBC sì wá dá ẹ̀ka Yorùbá sílẹ̀ ní oṣù kejì 2018, tí wọ́n ń pè é lójoojúmọ́. Lónìí, ẹni tí kò lè sọ ayára-bí-àṣá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń sọ ayélujára láìronú. Àwòdì tí ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ọ̀rọ̀ kù nípa bí a ti ń kọ orúkọ náà sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń jẹ́ ayára-bí-àṣá kì í fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Bí a bá yọ àmì kúrò, a-s-a nìkan ni yóò kù, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá àṣá ẹyẹ ni, àbí àṣà ìbílẹ̀, àbí asà tí jagunjagun ń gbé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yóò di èrò, tí ohun tí alágbẹ̀dẹ rọ yóò sì dà pọ̀ mọ́ ohun tí ọkàn rò. Ní ìpàdé tí àwọn ìjọ míṣọ́nnárì CMS ṣe ní Èkó ní oṣù kìíní 1875 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nínú Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, nítorí ìwúlò wọn fún èdè Vietnam ni ẹ àti ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ fi rí àyè láàárín àwọn lẹ́tà odindi. Ṣùgbọ́n ní èdè Vietnam, àmì ìsàlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni ohùn, kò sì sí ìdí tí wọn ó fi gbé ohùn mìíràn lé e lórí, nítorí náà ẹ́ àti ọ̀ ti Yorùbá kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: nọ́ńbà méjì ni a ń so pọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó jáde, fóònù tí kò bá sì mọ̀ ọ́n so a máa fi àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà bí fìlà tí ó yẹ̀ lórí. African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlá darí ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n jà fún àtẹ bọ́tìnnì tí ó lè kọ Yorùbá, wọ́n sì bá Microsoft ṣiṣẹ́ kí Windows lè sọ èdè Yorùbá, Hausa àti Igbo. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ariwo, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, kò sí bí àṣá yóò ti jẹ́ àṣá lójú fóònù.

Nísinsìnyí, orúkọ mìíràn tún ń wá ilé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1956, John McCarthy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé kan ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni orúkọ artificial intelligence ti gbilẹ̀, fún ẹ̀rọ tí ń ṣe ohun tí a rò pé ọgbọ́n ènìyàn nìkan ni ó lè ṣe é. Ní Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, àwọn mìíràn ní òye àtọwọ́dá, ìjà náà kò sì tíì parí. Lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé Yorùbá ti wá fún ẹ̀rọ ní ohun tí ó ti ń fi dù ú, pé orí tí kò fún kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì inú orúkọ náà ni kí a fetí sí. Àtọwọ́dá, ohun tí a ti ọwọ́ dá, ní ìbejì kan tí gbogbo Yorùbá mọ̀, tí a hun lọ́nà kan náà: àtọ̀runwá, ohun tí ó ti ọ̀run wá, tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìpín, ẹ̀bùn àti orí. Àwọn tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ọgbọ́n tàbí òye ni kí a lò kò jiyàn lórí èyí rárá. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó fi àtọwọ́dá sí i láìsí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.